Johanna Döbereiner: Obìnrin tó fi kòkòrò inú ilẹ̀ rọ́pò àpò ajílẹ̀ ní Bùràsíìlì

Àgbẹ̀ tó bá ti kó owó lọ sọ́jà rí láti ra ajílẹ̀ òyìnbó, tó jẹ́ pé ìdajì ohun tó ní lọ́kàn ló rí rà bọ̀, yóò fẹ́ gbọ́ ìtàn obìnrin yìí. Johanna Döbereiner ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe olóṣèlú, kì í ṣe òṣèré, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa níbí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti kórè ẹ̀wà sóyà tó lé ní mílíọ̀nù 150 tọ́ọ̀nù ní ọdún 2023 nìkan, tó sì jẹ́ pé wọn kì í sábà da ajílẹ̀ náítírójìn sí ìdí rẹ̀, ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ oko kò lè ṣàìmọ̀ ọ́n. Ọdún 2000 ló kú, lẹ́ni ọdún 75. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní ibì kan ṣoṣo.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé nǹkan kan kí ìtàn náà lè yé tèwe-tàgbà. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká yìí, bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, nǹkan bíi 78 nínú rẹ̀ ló jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní náítírójìn. Òun ló ń mú kí ewé àgbàdo dúdú minimini, òun náà ló sì wà nínú èròjà amáradàgbà tí à ń rí nínú ẹ̀wà àti ẹran. Ṣùgbọ́n irúgbìn kò lè fà á fúnra rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Ńṣe ló dà bí ẹni tí ebi ń pa, tó jókòó ti ìkòkò oúnjẹ tí wọ́n fi ọmọrí dé pa. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ajílẹ̀ máa ń fi iná tó gbóná janjan àti gáàsì púpọ̀ ṣí ọmọrí náà, ìdí nìyẹn tí owó ajílẹ̀ fi máa ń fò sókè nígbà tí owó epo àti gáàsì bá ti gun òkè. Àwọn kòkòrò kan wà nínú ilẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, bakitéríà ni wọ́n ń pè wọ́n, tí wọ́n ń ṣí ọmọrí yìí láìdáná rárá.

Ẹni tó bá hú ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà rí yóò ti rí àwọn kókó kéékèèké tó so mọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Kì í ṣe àrùn o. Ilé àwọn kòkòrò náà ni. Bí ẹ bá fi èékánná la ọ̀kan, tí inú rẹ̀ sì pọ́n, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀wà ń fún wọn ní ṣúgà, àwọn náà ń fún ẹ̀wà ní náítírójìn. Àwọn baba wa tí wọ́n ń gbin ẹ̀wà sí ilẹ̀ tí àgbàdo ti jẹ tán kò mọ orúkọ kòkòrò kankan, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ náà máa ń sàn sí i. Ìrẹsì, àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké ní tiwọn kì í ní kókó lára gbòǹgbò. Ohun tí Johanna fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá kiri ni bóyá àwọn náà ní alábàágbé tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí.

Ọjọ́ 28, oṣù Kọkànlá, ọdún 1924 ni wọ́n bí i sí ìlú Aussig, ní orílẹ̀-èdè Czechoslovakia ìgbà náà. Ústí nad Labem ni wọ́n ń pe ìlú náà báyìí. Èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ nínú ilé wọn. Bàbá rẹ̀, Paul Kubelka, jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì àwọn Jámánì tó wà nílùú Prague. Títí dòní, àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ṣì ń lo ìṣirò tí bàbá náà àti ẹnì kejì rẹ̀ kan ṣe nípa bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ inú ọ̀dà tó sì ń padà jáde. Ọmọ ọ̀mọ̀wé ni Johanna, kì í ṣe ọmọ àgbẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì ló tú ilé náà ká. Nígbà tí ogun parí lọ́dún 1945, wọ́n lé àwọn tó ń sọ èdè Jámánì kúrò ní Czechoslovakia. Èèyàn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tí kò jẹ̀bi ni wọ́n sì jọ di ẹrù. Ìyá Johanna kò la wàhálà náà já. Ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún yìí wá bá ara rẹ̀ nínú oko olóko ní Jámánì, tó ń fún wàrà màlúù, tó ń kó ìgbẹ́ ẹran dà sí oko, kí òun àti ìyá àgbà àti bàbá àgbà rẹ̀ lè rí nǹkan jẹ. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ìgbẹ́ màlúù dé ìdí ọ̀gbìn mọ bí oúnjẹ irúgbìn ṣe wúwo tó.

Ní ọdún 1947 ló wọ yunifásítì ìlú Munich láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ibẹ̀ ló ti pàdé Jürgen Döbereiner, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ẹran. Ọdún 1950 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì wọkọ̀ lọ sí Bùràsíìlì, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ṣáájú wọn dé. Àwọn méjèèjì ṣe orúkọ níbẹ̀. Jürgen di ọ̀gá nínú ìmọ̀ àwọn ewéko olóró tó ń pa màlúù. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn: ọkọ ń wá ewéko tó ń pa ẹran, ìyàwó ń wá kòkòrò tó ń bọ́ ewéko.

Álvaro Barcellos Fagundes ló gba Johanna síṣẹ́ lọ́dún 1951, ní ibùdó ìwádìí tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ọ̀gbìn dá sílẹ̀ ní Seropédica. Kìlómítà 47 ni àwọn èèyàn ń pe ibẹ̀, nítorí ibi tó bọ́ sí lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Rio de Janeiro lọ sí São Paulo. Àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ ni wọ́n ní kó máa wádìí, bẹ́ẹ̀ ohun tó mọ̀ nípa wọn nígbà náà kò tó nǹkan. Èdè ìlú náà pàápàá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Ó kọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1956, ó di ọmọ orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Ní 1958, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi orúkọ sí irú bakitéríà tuntun kan tó ń gba náítírójìn nínú afẹ́fẹ́, ilẹ̀ oko ìrèké sì wà lára ibi tí wọ́n ti rí i. Ní 1963, ó gba oyè másítà ní yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Ní 1966, ó ṣàpèjúwe òmíràn tó máa ń gbé ní ìdí koríko kan ṣoṣo, ìyẹn koríko tí wọ́n ń pè ní batatais níbẹ̀, tí kò sì fẹ́ràn ìdí koríko mìíràn. Èyí ló jẹ́ kó gbà pé koríko àti kòkòrò lè bá ara wọn mulẹ̀ bí ẹ̀wà àti kókó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ koríko tó dé ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà sóyà dé. Láàrin àwọn ọdún 1960, ìjọba Bùràsíìlì fẹ́ kí ọ̀gbìn sóyà gbòòrò. Láti Amẹ́ríkà ni irúgbìn àti ìmọ̀ ti ń wá, èrò tó sì gbilẹ̀ lásìkò náà ni pé àgbẹ̀ ìgbàlódé ni àgbẹ̀ tó ń lo ajílẹ̀ òyìnbó. Johanna wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí sóyà, ó sì ta ko èrò náà. Ohun tó ń sọ ni pé inú ilẹ̀ tí wọn kò da ajílẹ̀ náítírójìn sí ni kí wọ́n ti máa ṣa irúgbìn tó dára, kí wọ́n fi bakitéríà pa hóró rẹ̀ lára kí wọ́n tó gbìn ín, kí wọ́n sì mú èyí tó bá ṣe dáadáa báyìí. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ajílẹ̀ náítírójìn bá ti pọ̀ ní ìdí sóyà, sóyà kì í fẹ́ so kókó mọ́. Ta ni yóò gba àlejò sílé, tí yóò máa bọ́ ọ, nígbà tí oúnjẹ ọ̀fẹ́ wà nílẹ̀? Bí wọ́n bá fi ajílẹ̀ tọ́ irúgbìn náà láti kékeré, irú èyí tí kò mọ bí a ṣe ń bá kòkòrò gbé ni wọn yóò máa ṣà láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. China ni sóyà ti wá, ilẹ̀ Bùràsíìlì kò sì ní irú bakitéríà tó bá a mu. Bí Johanna bá ṣìnà, àgbẹ̀ tó gba ìmọ̀ràn rẹ̀ yóò kórè ewé pípọ́n lásán. Bó bá sì jẹ́ pé òun ló gba ọ̀nà tó tọ́, tí ìjọba kò gbọ́ tirẹ̀, orílẹ̀-èdè tí kò ní owó ilẹ̀ òkèèrè tó pọ̀ yóò máa ra ajílẹ̀ títí láé. Òun nìkan kọ́ ló ja ìjà náà o. João Ruy Jardim Freire wà ní ìpínlẹ̀ Rio Grande do Sul ní gúúsù, tó ń ṣa bakitéríà tó dára, tó sì ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹni tó bá kọ ìtàn yìí tí kò dárúkọ ọkùnrin náà kò ṣe dáadáa.

Ìmọ̀ràn wọn ni wọ́n tẹ̀ lé. Nígbà tí owó epo rọ̀bì fò sókè lágbàáyé lọ́dún 1973, tí owó ajílẹ̀ sì bá a lọ, ọ̀nà tí kò ní ajílẹ̀ nínú ni àgbẹ̀ sóyà Bùràsíìlì ti mọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbé e. Kí èèyàn tó rí tọ́ọ̀nù kan hóró sóyà, irúgbìn náà nílò nǹkan bíi 80 kìlógíráàmù náítírójìn. Bí hẹ́kítà kan bá so tọ́ọ̀nù mẹ́ta, 240 kìlógíráàmù nìyẹn. Àpò yùríà oní-50 kìlógíráàmù kan, nǹkan bíi 23 ni náítírójìn inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ inú àpò ni gbogbo rẹ̀ ti máa wá, ó lé ní àpò mẹ́wàá fún hẹ́kítà kan ṣoṣo, ilẹ̀ tí wọ́n sì ń gbin sóyà sí ní Bùràsíìlì lónìí ti lé ní mílíọ̀nù 40 hẹ́kítà. Dípò àpò mẹ́wàá, ìdì bakitéríà kékeré tí wọ́n ń pò mọ́ hóró ni àgbẹ̀ ń rà.

Ẹlòmíì ì bá jókòó ti iyì yìí. Johanna padà sídìí koríko.

Ní ọdún 1925, ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands kan tó ń jẹ́ Martinus Beijerinck ti ṣàpèjúwe bakitéríà kan tó pè ní Spirillum lipoferum. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbàgbé rẹ̀. Láàrin àwọn ọdún 1970, Johanna àti John Day, tó wá láti ibùdó ìwádìí Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún rí kòkòrò náà nínú gbòǹgbò koríko tí wọ́n ń bọ́ màlúù. Kí ló dé tí àwọn èèyàn kò fi rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún? Afẹ́fẹ́ ni. Kòkòrò náà nílò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kó tó lè mí, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn yìí kan náà ló ń ba ohun èlò tó fi ń gba náítírójìn jẹ́. Bó bá pọ̀, iṣẹ́ dúró. Bí kò bá sí rárá, agbára tán. Ọ̀pọ̀ láàbù ló ń tọ́ bakitéríà lórí oúnjẹ tó dì gbagidi bí ẹ̀kọ inú ewé, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lójú.

Ohun tí Johanna ṣe kò gba owó. Ó dín ohun tó ń mú oúnjẹ náà dì kù, títí tó fi rí bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán, ó sì rọ ọ́ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn kòkòrò náà ń lúwẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀ lọ, wọ́n ń wá ibi tí ọ́síjìn kò ti pọ̀ jù tí kò sì kéré jù, wọ́n á wá kóra jọ síbẹ̀ bí awọ funfun fẹ́lẹ́ tó máa ń bo ojú ẹ̀kọ mímu tó bá tutù. Ẹni tó bá ti rí awọ náà nínú ìgò, ó ti rí kòkòrò. Títí di òní, ọ̀nà yìí ni wọ́n ń lò káàkiri ayé. Nígbà tó di ọdún 1978, wọ́n yí orúkọ kòkòrò náà padà sí Azospirillum, wọ́n sì pe ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ní brasilense, nítorí Bùràsíìlì.

Ariwo ta lágbàáyé. Àwọn kan rò pé àgbàdo àti ìrẹsì yóò máa bọ́ ara wọn bí ẹ̀wà láìpẹ́. Àsọdùn wà níbẹ̀. Àwọn ìdíwọ̀n àkọ́kọ́ fi iye náítírójìn hàn ju bó ṣe rí lọ, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ mìíràn sì dán an wò nínú oko tiwọn, èrè tí wọ́n rí kò dúró sójú kan. Nígbà tó yá, ó hàn pé ọ̀pọ̀ nínú oore tí Azospirillum ń ṣe kì í ṣe náítírójìn tó ń gbà fún irúgbìn, bí kò ṣe pé ó ń mú kí gbòǹgbò pọ̀ kó sì gùn, tí irúgbìn náà fi ń rí omi àti ajílẹ̀ tó wà nílẹ̀ fà dáadáa. A kò rò pé èyí dín iyì obìnrin náà kù. Àgbẹ̀ tí ajílẹ̀ tó rà kò ṣòfò ti jèrè.

Johanna kò jà, kò sì dáwọ́ dúró. Bí kòkòrò tó wà lára gbòǹgbò kò bá lè fún irúgbìn ní ohun tó pọ̀, ó ní kí wọ́n wá èyí tó ń gbé inú gbòǹgbò gan-an. Ní 1986, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, José Ivo Baldani àti Vera Baldani pẹ̀lú àwọn yòókù, kéde kòkòrò tuntun tí wọ́n rí nínú gbòǹgbò ìrẹsì, àgbàdo àti ọkà bàbà. Herbaspirillum seropedicae ni wọ́n pè é, nítorí ìlú Seropédica tí wọ́n ti rí i. Ní 1988, òun àti Vladimir Cavalcante tún kéde òmíràn tó ń gbé inú igi ìrèké, níbi tí ṣúgà ti pọ̀ débi pé kòkòrò púpọ̀ kò lè gbébẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrèké yìí ṣe pàtàkì sí ìjọba, nítorí láti ọdún 1975 ni Bùràsíìlì ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń yọ epo ọkọ̀ láti ara ìrèké. Bó bá jẹ́ pé ajílẹ̀ tí wọ́n fi gáàsì ṣe ni wọ́n ń dà sí ìrèké náà nípọ̀n-nípọ̀n, kí ni èrè epo ìrèké? Ìwádìí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Seropédica fi hàn pé àwọn irú ìrèké kan ń rí náítírójìn tó jọjú láti inú afẹ́fẹ́.

Ìrẹsì ló ṣòro jù. Oko ìrẹsì inú àbàtà ní àwọn olùrànlọ́wọ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: ní Vietnam àti China, ó pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ti ń tọ́ ewéko kékeré kan tó ń léfòó lójú omi, azolla, nítorí kòkòrò tó ń gbé inú ewé rẹ̀ ń gba náítírójìn. Láàrin àwọn ọdún 1990, ibùdó ìwádìí ìrẹsì lágbàáyé tó wà ní Philippines kó àwọn onímọ̀ jọ láti wá bí ìrẹsì fúnra rẹ̀ yóò ṣe ní alábàágbé. Johanna àti àwọn Baldani ń bá tiwọn lọ ní Seropédica. Wọ́n fi Herbaspirillum àti ẹ̀yà mìíràn kan pa hóró ìrẹsì lára, ìrẹsì náà sì ṣe dáadáa ju èyí tí wọn kò fi pa lọ nínú àwọn àyẹ̀wò wọn. Ọdún 2000 ni ìwé ìwádìí náà jáde, ọdún tí ó kú gan-an. Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, ìrẹsì kò tíì dà bíi sóyà. Kókó kò sí lára gbòǹgbò rẹ̀, ohun tí kòkòrò ń fún un kò sì tíì tó láti rọ́pò ajílẹ̀ pátápátá. Ó lè dín in kù ni.

Ní ilẹ̀ wa níbí, ọ̀nà mìíràn ni ibùdó ìwádìí IITA ní Ìbàdàn gbà yanjú ọ̀rọ̀ sóyà. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń ṣe irúgbìn sóyà tó lè bá bakitéríà tó wà nínú ilẹ̀ Áfíríkà tẹ́lẹ̀ so kókó, nítorí wọ́n mọ̀ pé àgbẹ̀ abúlé kò ní máa rí ìdì bakitéríà rà. Irúgbìn tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TGx ni. Nígbà tó yá, IITA náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdì bakitéríà sóyà tí wọ́n pè ní NoduMax ní Ìbàdàn. Ẹni tó ń ta wàrà sóyà lójú pópó lè má mọ̀ pé àríyànjiyàn ńlá wà lẹ́yìn ohun tó ń dín nínú epo yẹn.

Johanna gba ọlá tó pọ̀. Ní 1978, wọ́n gbà á sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti póòpù ní Vatican, ní 1989 ó gba ẹ̀bùn sáyẹ́ǹsì àjọ UNESCO. Síbẹ̀, Kìlómítà 47 ni ilé rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì dákẹ́ sí ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, ọdún 2000. Ní ọdún 2025, wọ́n fún Mariangela Hungria, ọ̀kan lára àwọn tí Johanna kọ́ níṣẹ́, ní ẹ̀bùn World Food Prize nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bakitéríà sóyà àti Azospirillum.

Ilé tí wọ́n ń kó àwọn bakitéríà pa mọ́ sí ní Seropédica ń jẹ́ orúkọ Johanna báyìí. Inú ìgò kéékèèké ni wọ́n tọ́jú wọn sí, kí àwọn tó ń ṣe ìwádìí lè máa rí wọn gbà. Herbaspirillum tí wọ́n yọ láti inú gbòǹgbò ìrẹsì wà lára wọn.